Ìdọ̀bálẹ̀ Fádípẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa pa á lówe pé ẹni tí kò fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún àna, kó má fẹ́ ìyàwó ní ìsàlẹ̀ òkè? Ẹ má dá mi lóhùn. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ Fádípẹ̀ ni.

Orí òkè ni ìlú Fádípẹ̀ wà. Láti kékeré ló ti ń wo òrùlé àwọn ará ìsàlẹ̀ láti òkè, ìyẹn ló jẹ́ kó gbà pé wọ́n kéré sí òun. Ìgbà tí ìfẹ́ yóò mú un, ọmọ ará ìsàlẹ̀ náà ló kó sí i lórí. Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pè é. Bàbá Àwẹ̀ró gbà, ṣùgbọ́n ó ní bí ọkọ ìyàwó kò bá nà gbalaja síwájú òun lójú gbogbo ẹbí, kó máa gbé ẹrù ìdáná rẹ̀ padà sílé.

"Màá tẹrí ba díẹ̀," ni Fádípẹ̀ sọ fún Ògúnṣakin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń sìn ín lọ. "Àyà mi ò ní kan ilẹ̀ ará ìsàlẹ̀."

Ojú ń rí ìlú náà lóòótọ́, ẹsẹ̀ ni kò lè tètè dé e, nítorí ọ̀nà pẹ́ kọrọ lẹ́yìn àpáta. Wọ́n rìn, wọ́n sùn lọ́nà, wọ́n tún rìn, wọ́n tún sùn lọ́nà, kí wọ́n tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó já sí àgbàlá àna gan-an. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ògúnṣakin kọjú sí àpáta, ó di gbòǹgbò igi mú, ó ń fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe é níbẹ̀.

"Ṣé kí n fi ìdí wọ ilé àna ni?" Fádípẹ̀ ta kú.

"Ìdí ló ń kọ́kọ́ sọ̀ níbí," Ògúnṣakin dáhùn. "Tó bá yá, ojú á bá a nísàlẹ̀."

Kò gbọ́. Ó gbé kèrègbè epo ìdáná rù, ó ká agbádá funfun rẹ̀ sí èjìká, ó ń rìn bọ̀ bí ìjòyè. Àwọn àna ti jókòó nísàlẹ̀, wọ́n ń wò ó.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Kèrègbè fọ́, epo ṣíwájú rẹ̀ lọ, ó ń tún ọ̀nà ṣe dè é. Bó ti ń fi ìdí wọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògúnṣakin, ó di àpò iṣu ìdáná tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé kọ́ èjìká mú. Àpò ya, iṣu bá a lọ. Agbádá ká bò ó lójú. Ó kọ lu gbòǹgbò kan, ó yí padà, ó wá di àyà ló fi ń yọ̀ bọ̀. Ohun tó dùn ún jù ni pé Àwẹ̀ró ń wò ó.

Ibi ẹsẹ̀ Bàbá Àwẹ̀ró ló ti dúró. Àyà kan ilẹ̀, àgbọ̀n kan ilẹ̀, ọwọ́ méjèèjì nà síwájú, iṣu sì tò sí i lọ́tùn-ún lósì. Fádípẹ̀ gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìyàwó ti bọ́ lọ́wọ́ òun.

Bàbá Àwẹ̀ró nu epo tó ta sí i lójú. "Àwọn ọkọ ọmọ mi tó kù, àgbàlá ni wọ́n ti dọ̀bálẹ̀. Èyí, orí òkè ló ti bẹ̀rẹ̀. Dìde, ọmọ mi."

Fádípẹ̀ kò lè dìde, èémí ò tíì padà sí i nínú.

"Ẹ wò ó," ni bàbá wí, "ó ní òun ò tíì ṣe tán."

Wọ́n fún un ní ìyàwó lójú ẹsẹ̀. Ibi tí Ògúnṣakin ti ń gbé e nílẹ̀ ni Ìyá Àwẹ̀ró ti jáde láti ilé ìdáná. "Wọ́n ní ọkọ ọmọ mi dọ̀bálẹ̀ lọ́nà àrà. Èmi nìkan ni ò rí i."

Bàbá Àwẹ̀ró gbójú sókè, ó wo orí òkè. "Fádípẹ̀, ọmọ mi…"

Kó tó sọ ìyókù, Fádípẹ̀ ti nà gbalaja. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ ọwọ́ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà tún sọ pé òun ò rí i.

Ìdí nìyẹn o, ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin: ẹni tí kò fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún àna, kó má fẹ́ ìyàwó ní ìsàlẹ̀ òkè.