Àga Iwájú fún Lẹ́tà Alhaji Lìádì

Nísinsìnyí, Tíṣà Akínwándé ti lè fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́dún 1996, orí òun wú débi pé fìlà kò gbà á mọ́. Bí ẹ bá pè é ní Tíṣà lásán ní Ìyànà Ọ̀fà nígbà náà, kò ní dá yín lóhùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni! Baba Kọ̀ǹpútà! Ọ̀mọ̀ràn tó mọ oyún ìgbín nínú ìkarahun!

Dókítà Gúrúngì, ará Nẹ̀pálì tó ń ṣèwádìí àgbàdo lẹ́bàá ìlú, ló fún un ní ògbólógbòó kọ̀ǹpútà àgbélétan kan. Bébà kékeré tí wọ́n kọ lẹ́tà Nẹ̀pálì sí wà lórí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan. Tíṣà wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Gbogbo rẹ̀ náà nìyí?"

Ó ha bébà Nẹ̀pálì kúrò, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ábídí Yorùbá mọ́ ọn, ó sì kọ̀wé sí kánsù pé òun ti ṣe kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Kánsù ní kó wá fi han aráyé ní gbọ̀ngàn. Bó bá ṣiṣẹ́, òun ni ọ̀gá ilé kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣí.

Ibo wá ni kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jókòó? Ibẹ̀ ni ojúkòkòrò ti wọlé. Ìlà àárín, níbi tí ìka ti ń sinmi, Tíṣà sọ ọ́ di àga iwájú bíi ti ọjọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá mú nǹkan wá ni lẹ́tà orúkọ rẹ̀ ń jókòó síbẹ̀.

"Ẹ̀yìn lẹ gbé L mi sí, Tíṣà," ni Alhaji Lìádì onílọ́rì wí, ó fa àgbò lọ́wọ́.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, Alhaji. Àgbò yìí ti fà á bọ́ síwájú."

Ìyá Fàtímọ̀ fi adìyẹ méjì gba àyè fún F. I àti O, tí Yorùbá kò lè sọ̀rọ̀ láìsí wọn, kò ní alágbàwí kankan. Igun ni wọ́n bá ara wọn.

"Ẹ ti tàn án wò, sà?" ni Mùsílímátù, táípíìsì kánsù, bi í.

"Bátìrì kò gbọdọ̀ tán kí ọjọ́ tó pé. Ta ní ń tọ́ ọbẹ̀ àsè wò kí àlejò tó dé?"

"Gbogbo ẹni tó ń sè é ni, sà."

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún. Dókítà Gúrúngì jókòó gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì. Tíṣà wúkọ́, ó ní orúkọ Alhaji Lìádì lòun yóò kọ́kọ́ tẹ̀. Ó tẹ L, ó tẹ I. Lẹ́tà Nẹ̀pálì ló yọ lójú ẹ̀rọ, wọ́n so rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún pọ̀ sí i. Òógùn bò ó.

"Ṣé orúkọ mi nìyẹn?" Alhaji bèèrè.

"Orúkọ yín ni, ní èdè kọ̀ǹpútà."

Dókítà na ọrùn wò ó, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, Mùsílímátù sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo èrò.

"Wọ́n ní kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní inú ẹ̀rọ làwọn to lẹ́tà Nẹ̀pálì sí, ọdún mẹ́ta làwọn sì fi tò ó. Bébà orí bọ́tìnì, kí ojú lè máa rí i lásán ni."

Alhaji dìde, ó fi èékánná ṣí L kúrò lórí bọ́tìnì. "Lẹ́tà mi rè é. Àgbò mi dà?"

Àgbò ti di ọbẹ̀. Ìyá Fàtímọ̀ ti dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti ṣí F, àwọn yòókù sì tò tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n fi ṣe tán, lẹ́tà kan péré ló kù láàárín gbùngbùn. Alága kánsù tẹjú mọ́ ọn.

"Ta ló ni A yìí?"

"Èmi Akínwándé ni, sà."

"Kí lẹ mú wá fún un?"

Tíṣà fi àtàǹpàkò bo A náà mọ́lẹ̀.

"Ẹ ṣí i, Tíṣà, kí ẹ máa mú un lọ sí kíláàsì yín. Àwọn ọmọ ti ń dúró."