Nígbà Tí Báńgà Dún Ṣáájú Àmín

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ tí mo ti fi ṣiṣẹ́ láyé, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì Kérésì kan wà ní Ìkọ̀lé tí kò ní kúrò lọ́kàn mi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré kan ni. Wọn ò tíì gbà mí tán, wọ́n ṣì ń wò mí wò. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ra báńgà ńláńlá, irú èyí tó máa ń tú iná aláràbarà sójú ọ̀run, wọ́n sì ní ká gbé e sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, kí àwọn náà lè máa wò ó lọ́hùn-ún. Pápá kún fọ́fọ́. Àwọn kan gun ọ̀kadà wá láti Ìrè.

Iṣẹ́ tèmi ò le. Mo máa jókòó lẹ́yìn pèpéle, wokitókì á wà lọ́wọ́ mi. Bọ̀dá Ṣẹ́gun, tí wọ́n máa yin báńgà, wà ní ìpẹ̀kun pápá pẹ̀lú ìkejì wokitókì náà. Tí Bàbá Alùfáà bá ti gbàdúrà tán, màá tẹ bọ́tìnnì, màá ní, "Ẹ finá sí i!" Ó parí.

Ọ̀gá wa, Àǹtí Bísí, kìlọ̀ fún mi: "Gbólóhùn kan péré ni o."

"Ẹ má ṣèyọnu, mà," ni mo fèsì. Ẹ ò rí i bí mo ṣe ń mirí, bí ẹni tó ti ń ṣe é láti inú oyún.

Àdúrà bẹ̀rẹ̀. Bàbá Alùfáà gbàdúrà fún Nàìjíríà, wọ́n gbà fún Èkìtì, wọ́n gbà fún àwọn tó ń gbin iṣu, wọ́n gbà fún ọ̀nà Ọ̀yẹ́, tí kòtò rẹ̀ nílò àdúrà lóòótọ́. Ibẹ̀ ni fóònù mi ti gbọ̀n. Ìyá mi ni, láti Ìtàjí. Wọ́n ti kó aládùúgbò jọ sídìí tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn. Tí n ò bá sì gbé e, wọn ò ní yé pè.

"Màámi, mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Mo mọ̀ pé uṣẹ́ lo wà. Àlejò kún ulé, ẹran ewúrẹ́ yìí ò sì rọ̀."

"Ẹ sọ̀rọ̀ sókè!"

"Mo ní ẹran ò rọ̀!"

Mo fi èjìká há fóònù mọ́ etí, mo di wokitókì mú gírígírí kó má bọ́, mo wá pariwo: "Ẹ finá sí i! Ẹ finá sí i dáadáa!"

N ò mọ̀ pé àtàǹpàkò mi ti tẹ bọ́tìnnì.

Lórí pèpéle, Bàbá Alùfáà ń sọ pé, "Olúwa, fún wa ní àlàáfíà àti ìdákẹ́rọ́rọ́…"

Gbòà!

Ojú ọ̀run pọ́n kuku. Òmíràn tẹ̀lé e. Kí ìkẹta tó dún, Bàbá Alùfáà ti wà lábẹ́ tábìlì. Ẹsẹ̀ wọn nìkan ni kámẹ́rà rí, bàtà kan sì ti bọ́. Gbohùngbohùn ṣì wà lọ́wọ́ wọn: "Jésù! Jésù, gbà mí o!" Gbogbo ọmọ Ìkọ̀lé lókè òkun ló gbọ́ ọ.

Mo fò dìde láti sáré lọ dá Bọ̀dá Ṣẹ́gun dúró, bí ẹni tí kò ní wokitókì lọ́wọ́. Wáyà kọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo ṣubú, wáyà já kúrò lára jẹnẹrétọ̀, iná pèpéle kú, kámẹ́rà kú, ètò wa já lórí afẹ́fẹ́. Báńgà nìkan ni kò kú. Nígbà tí iná fi máa tàn padà, Bọ̀dá Ṣẹ́gun ti yìn ín tán, wọ́n ń bọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ṣé o rí i? Mo finá sí i dáadáa, bó o ṣe wí!"

Àǹtí Bísí ní kí n kọ́kọ́ lọ bẹ Bàbá Alùfáà ná. Mo kúnlẹ̀, bàtà wọn kan lọ́wọ́ mi.

"Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n yìn ín?"

"Èmi ni, sà. Ẹ forí jì mí."

Kí wọ́n tó dáhùn, ìyá àgbà kan nínú ìjọ gbà á sọ: "Bàbá, ẹ dárí jì í. Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ kí àdúrà máa mọ ní ìwọ̀n. Ẹsẹ̀ mi ti kú tipẹ́."

Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀. Bàbá Alùfáà fi ẹsẹ̀ bọ bàtà, wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Àmín."

Wọn ò lé mi, àmọ́ wáyà ni mo ń ká fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo wá mọ̀ pé ẹnu kan kì í jíṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, mo ti pa fóònù nìyẹn. Títí dòní, tí mo bá pàdé Bàbá Alùfáà lọ́nà ọjà, wọ́n á kọ́kọ́ gbójú wo òkè kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Ojú á tì mí, ẹ̀rín á sì pa mí.