Ọjọ́ Tí Mo Ń Sáré Kẹ̀kẹ́, Tí Mo Tún Ń Kúnlẹ̀ Kí Àgbà

Mo lè gbàgbé gbogbo ìdíje tí mo ti fi kẹ̀kẹ́ ológere sá, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà láàárín wọn tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Lónìí, kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń jẹun, lórí pápá àti lójú títì, mo sì ti bá wọn sá a dé ìlú òyìnbó. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mi ò tíì já mọ́ nǹkan kan. Kóòṣì wa ti sọ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gun òkè Mápó dé orí nìkan lòun máa mú lọ ṣojú ìpínlẹ̀ wa. Ẹnì kan ṣoṣo! Èmi ẹlẹ́nu bí àgbá sì ti sọ fún gbogbo agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnkà pé èmi ni.

Ohun tí n ò rò ni pé àárín ẹbí mi ni ọ̀nà ìdíje náà gbà kọjá. Òkè Bọ́lá la ti gbéra, èmi ni mo sì ń ṣíwájú nígbà tí a dé Oríta-mẹ́rin. Àfi bí mo ṣe rí ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, lórí àga létí títì, tó ń retí mi. Ẹ gbà mí o, ọmọ Ìbàdàn wo ló máa rí ìyá àgbà ẹ̀ láàárọ̀, tó máa gun kẹ̀kẹ́ kọjá? Orúnkún mi ti fẹ́ kúnlẹ̀ kí orí mi tó ronú. Mo tẹ bíréèkì. Mo gbàgbé pé bàtà wa há mọ́ pẹ́dà tá à ń fẹsẹ̀ tẹ̀, àfi kéèyàn yí gìgísẹ̀ kó tó lè yọ ọ́. Gbì! Èmi àti kẹ̀kẹ́ nà gbalaja síwájú ìyá àgbà.

“Ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́!” ni ìyá àgbà ké. “Obìnrin ni o, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi bí ọkùnrin! Dìde, ọmọ mi, ó tó.”

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn tá a jọ ń sáré kọjá lára mi fìì. Orúnkún mi bó yánnayànna.

Mi ò mọ̀ pé ìyá àgbà ti fi fóònù pe àwọn ará ilé bàbá mi pé mò ń bọ̀. Nígbà tí mo dé Bẹyẹrúnkà, Bàbá Àlàájì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti dúró sójú títì pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀.

“Ìdílé ìyá ẹ nìkan lo mọ̀ ọ́n kí?” ó bi mí. “Àwa ńkọ́?”

Lọ́tẹ̀ yìí mo rántí yọ bàtà, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo rò pé “Ẹ káàárọ̀, sà” ti tó. Rárá o! Bàbá tẹ́wọ́ àdúà. Ó ṣe fún mi, ó ṣe fún kẹ̀kẹ́, ó ṣe fún àwọn ọmọ tí n ò tíì bí. Mò ń ṣe àmín, mò ń wo ẹni tó gbẹ̀yìn bó ṣe ń pòórá lọ́ọ̀ọ́kán. Omi bọ́ lójú mi. Bàbá rò pé àdúà ló wọ̀ mí lára.

Ìbínú ni mo fi gun kẹ̀kẹ́ dé Ọjà'ba. Mò ń kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ó sì ti ń gun òkè Mápó lọ. Ta ni mo rí nísàlẹ̀ òkè? Ìyá Ràṣídì, ìyá àfẹ́sọ́nà mi! Obìnrin yìí ti ń sọ kiri pé ìyàwó tó ń gun kẹ̀kẹ́ ò lè bọ̀wọ̀ fún ìyá ọkọ. Bí mo bá sì sọ̀kalẹ̀, ẹlòmíràn ni kóòṣì máa mú.

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mi ò sọ̀kalẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, mà! Ẹ jọ̀ọ́, mà!” Ojú tì mí, mo dorí kodò sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Itan mi ń ta, ọ̀fun mi gbẹ. Mi ò rí ojú ọmọbìnrin náà, táyà ẹ̀ nìkan ni mo rí tó ń padà sẹ́yìn. Nígbà tí mo gbójú sókè, iwájú gbọ̀ngàn Mápó ni mo wà, kò sẹ́nì kankan níwájú mi. Mo ti borí! Mo pariwo, kóòṣì ń jó, ayọ̀ fẹ́ẹ̀ pa mí.

Ìgbà náà ni ìyá Ràṣídì gòkè dé, ó ń mí hẹlẹ. Mo kúnlẹ̀ kíá, mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀.

“Ẹ rí ìyàwó mi bí?” ló sọ fáwọn èrò. “Èyí nìkan ló tẹríba fún mi láti ìsàlẹ̀ òkè títí dókè!”

Kóòṣì wò mí, mo wò ó. Lọ́dọ̀ àwa eléré kẹ̀kẹ́, bá a ṣe ń dorí kodò kí atẹ́gùn má bàa fà wá sẹ́yìn nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó là á yé ìyá.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ díje nílùú ẹ̀, kó ti kí ẹbí tán ní ọjọ́ tó ṣáájú. Mo ti wà nílé ọkọ báyìí. Ìyá Ràṣídì ní bí mo ṣe tẹríba lọ́jọ́ náà ni kí n máa tẹríba fún òun láràárọ̀, nítorí òun ti mọ̀ pé mo lè ṣe é. Ẹ̀rín ni mò ń rín o, àmọ́ ẹ̀yìn ń dùn mí.