Bí Mo Ṣe Kọ́ Àmì Ṣọ́ọ̀bù ní Chinatown

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láyé. Nọ́ọ̀sì ni mí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Calgary, ní Canada níbí. Màmá kan wà lọ́dọ̀ wa tó wá láti Hong Kong, Cantonese, ọ̀kan lára àwọn èdè China, nìkan ló ń sọ. Ọjọ́ kẹta rèé tí Màmá ò jẹun. Ọmọ rẹ̀ obìnrin pè wá, ó ní ìrẹsì tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀ bí ògì ni Màmá ń fẹ́, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Chinatown. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, màá rà á wá.

Ohun tó ń gbé mi gùn ni àmì ìkọ̀wé àwọn ará China kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Lin, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tó ń sọ Mandarin, èdè China mìíràn, ló kọ 店 fún mi. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ló túmọ̀ sí, "diàn" sì ni wọ́n ń pè é. Ó dà bí òrùlé tó na ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lápá òsì, àpótí kékeré wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀pá sì dúró lórí àpótí náà. Àmì kan péré o, mo wá ń ṣe bí ọ̀jọ̀gbọ́n.

Kúnlé àbúrò mi, tó ń gbé ní Redstone, ló fi mọ́tò gbé mi lọ. Mo ní kó pa Google tì. Kò pẹ́ tí mo rí 店 lára ilé gíga kan, mo wọlé, mo béèrè oúnjẹ Màmá. Ọkùnrin tó wà nídìí káńtà bi mí bóyá mo ti book yàrá.

Kúnlé rọra sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, hotel lẹ wọ̀ yìí o."

Lin ò sọ fún mi pé hotel pàápàá ń lo àmì yẹn. Níwájú díẹ̀, mo tún rí òrùlé ẹlẹ́sẹ̀ kan, mo tún wọlé. Bẹ́ẹ̀dì ló kún ibẹ̀. Àmì bẹ́ẹ̀dì náà ní òrùlé, àmọ́ àmì igi ló wà lábẹ́ tiẹ̀. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, òǹtajà ti ní kí n dùbúlẹ̀ dán an wò. Mo dùbúlẹ̀, ó kúkú ti rẹ̀ mí.

Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni bàbá àgbàlagbà kan ti ń ta ìwé ìròyìn. Mo kí i, mo ní, "Diàn, diàn." Ó ronú díẹ̀, ó gba fóònù mi, ó sì fi ṣájà sí i. Àṣé iná mànàmáná náà ń jẹ́ diàn. Kúnlé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Mo bá kọ 店 sẹ́yìn rìsíìtì. Ojú Bàbá là. Ó ní, "Dim," ó sì pa ètè pọ̀ lórí "m" náà. Àmì kan náà ni, ẹnu Cantonese ló yàtọ̀. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀, ó mi orí, bí ẹni ń sọ pé ohùn rẹ̀ ló máa ń ṣòro fún àlejò.

Ohùn kẹ̀? Èmi tí mò ń pe ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ láti kékeré? Ohùn àárín ni, bíi "re" nínú dò-re-mí. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan. Bàbá juwọ́ pé kí n tún un pè, mo tún un pè, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ jáde wá gbọ́.

Ó wá sọ fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara pé àwọn ọmọ òun tí wọ́n bí síbí ò lè pè é bẹ́ẹ̀. Orí mi wú, kí n tó rántí pé èmi ni mi ò fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mú wa dé ibi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì náà. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti kọjá níwájú rẹ̀.

Nígbà tí mo gbé abọ́ náà síwájú Màmá, mo nawọ́ sí 店 nínú orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó wà lára ike, mo ní, "Dim." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó mú ṣíbí. Ó jẹ ẹ́ tán.

Abèèrè kì í ṣìnà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo mọ àmì kan ṣoṣo ni mo rò pé kò kàn mí. Mo ń fi ara mi rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń fọ abọ́ Màmá, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ohùn yẹn, mo pè é dáadáa.