Díákónì Akínwùmí àti Géètì Aago Mẹ́jọ

Ní ọ̀sán Sátidé kan ní ọdún 2003, Díákónì Akínwùmí gbé ìwé àlòkù kan wọ ìjọ Yorùbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sapele Road ní ìlú Benin. Ìwé àwọn Púrítánì ni, àwọn onígbàgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ tó kó lọ sí Amẹ́ríkà, tí wọn kì í bá ẹ̀ṣẹ̀ ṣeré rárá. Inú Díákónì dùn dénú, torí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pẹ́ dé ìsìn ti sú u. Ó bá Ìyá Kẹ́hìndé, olùkọ́ àwọn ọmọdé, níbi tó ti ń gbálẹ̀.

"Ìyá Kẹ́hìndé, wọ́n ní inú ń bí Ọlọ́run sí ẹlẹ́ṣẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́."

"Ṣé kì í rẹ̀ Ẹ́ ni, sà?"

"Kì í rẹ̀ Ẹ́. Nítorí náà, bó bá ti di aago mẹ́jọ lọ́la, ẹ ti géètì. Kọ́kọ́rọ́ rèé."

"Màmá àgbà tó ń ti Ikpoba Hill wá ńkọ́?"

"Kí wọ́n tètè jí."

"Bó bá jẹ́ pásítọ̀?"

"Bó jẹ́ èmi gan-an, ẹ ò gbọdọ̀ ṣí i."

Ìyá Kẹ́hìndé fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó gba ìwé náà, ó ń ṣí i wò.

"Bàbá Díákónì, ẹ ò tíì kà á tán. Púrítánì mìíràn rèé, ó ní Ọlọ́run dà bíi bàbá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó bu oúnjẹ pamọ́ de ọmọ tó pẹ́ dé."

"Nínú ìwé kan náà?"

"Ẹ̀yìn ojú ewé tí ẹ ká létí ni, sà."

"Ó ti rẹ ìyẹn nígbà tó ń kọ ọ́."

"Mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí mo kọ́ wọn ní ti ìbínú, Kẹ́hìndé mi ní, 'Mummy, this God dey vex o. Who offend am?'"

Díákónì kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìwé náà sílẹ̀ fún un, ó bá tiẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́jọ ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí Díákónì tó sáré dé, tòun ti agogo lọ́wọ́, tó ń làágùn. Géètì ti wà ní títì, Ìyá Kẹ́hìndé sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti ń kọ orin àkọ́kọ́ nínú, orin tó fẹ́ràn jù, ó sì dùn ún pé ìta ló ti ń gbọ́ ọ.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ pẹ́ o."

"Láti aago márùn-ún ni mo ti ń lu agogo kiri Ikpoba Hill. Mò ń jí àwọn èèyàn."

"Kí ló fà á?"

"Mi ò rí oorun sùn. Mò ń rò ó pé bí màmá àgbà bá wá bá géètì ní títì ńkọ́? Mo dúró tí wọ́n fi wé gèlè tán, mo bá wọn wá ọkọ̀. Àyè mi ni ò sí nínú ọkọ̀ náà mọ́."

"Wọ́n ti jókòó síwájú, sà. Gbogbo àwọn tí ẹ jí ló ti dé. Ẹ̀yin nìkan la ń retí."

Díákónì wo kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ wérápà Ìyá Kẹ́hìndé, ó wo ìwé tó wà lábíyá rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà lẹ sì ní kí n má ṣí i, bó jẹ́ ẹ̀yin gan-an, sà."

Díákónì di irin géètì mú, ó rọra gbójú sókè.

"Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ jọ̀ọ́, ojú ewé wo ni bàbá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn wà?"