Ìrú Tó Ń Bọ̀ Lọ́nà

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ ọ́ pé àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀, ta ló ti sọ ìdí rẹ̀ fún yín rí? Àwọn kan á ní láyé àtijọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni. Fóònù ti dé kí òwe yẹn tó dé. Ẹ jókòó dáadáa, kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní ìlú Òkè-Ìṣápá, wọ́n wó ọjà nílẹ̀ láti tún un kọ́, olúkúlùkù ọlọ́jà bá kó ọjà tirẹ̀ lọ sílé. Ta ló wá fẹ́ máa kanlẹ̀kùn kiri láti mọ ilé tí ata wà? Ni wọ́n bá ní kí Bọ̀ọ̀dá Ràfíù ṣe ìkànnì kan sórí ayélujára. Bí o bá ti tẹ orúkọ ohun tí o fẹ́ rà, sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tọ́jú gbogbo ojú ìwé ìkànnì náà, á mú ojú ìwé ẹni tó ń tà á wá fún ọ, tòun ti ojúlé àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Tẹ́lọ̀ ni Bọ̀ọ̀dá Ràfíù kó tó kọ́ kọ̀ǹpútà, tẹ́lọ̀ náà ló sì ṣì jẹ́ nínú ọkàn. Ojú ìwé kan ṣoṣo ló fara balẹ̀ ṣe, ti ìrú. Nígbà tó rí i pé ó dára, ó sọ ọ́ di pátánì, ó gbé e sínú àpò kan nínú ẹ̀rọ, tó pè ní àpò pátánì, ó sì ní kí sáfà máa fi í gé ìyókù: ti ata, ti ẹja, ti epo. Gbogbo wọn jọra bíi yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé.

Ó wá ku ohun kan. Bí sáfà kò bá rí ohun tí èèyàn ń wá ńkọ́? Níbòmíràn, sáfà á kàn sọ ọ́ gbàù pé "Kò sí." Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni ní Òkè-Ìṣápá kí ọlọ́jà la ẹnu pé kò sí. Bí igbá gbẹ, bí agbọ̀n ṣófo, "Ó ń bọ̀ lọ́nà" ni wọ́n ń wí. Bọ̀ọ̀dá Ràfíù, ọmọ tí wọ́n kọ́ tó sì gbẹ̀kọ́, bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ojú ìwé kan láti ara pátánì yẹn, tí sáfà yóò máa fi han irú ẹni bẹ́ẹ̀: "Ẹ kú sùúrù. Báyìí-báyìí yín ń bọ̀ lọ́nà." Àlàfo ló fi sí ibi báyìí-báyìí yẹn, kí sáfà máa kọ ohunkóhun tí èèyàn bá béèrè síbẹ̀.

Mo ní ohunkóhun o!

Bàbá Gbádébọ̀ tẹ "ewúrẹ́", torí tirẹ̀ ti sọnù láti ọjọ́ Ajé. Fóònù ní, "Ẹ kú sùúrù. Ewúrẹ́ yín ń bọ̀ lọ́nà." Baba já ewé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Ṣàkìrátù gbọ́, òun náà tẹ "Kàmórù", orúkọ ọkọ rẹ̀ tó lọ sí Kútọnu lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. "Kàmórù yín ń bọ̀ lọ́nà." Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti ń kun yàrá.

Moríyìíkẹ́ ní tirẹ̀, ìrú ló ń wá. Ìyàwó ilé ni, ó ní ọmọ lẹ́yìn, ó sì ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ránṣẹ́: "Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, aago méjì. Wọ́n ní o ń kàwé. Kò burú. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ní ìrú nínú ni kí n bá lórí iná. Bí n kò bá bá a, á jẹ́ pé ìwé ti gba ọwọ́ rẹ kúrò nínú iṣẹ́ ilé nìyẹn, kí ìwé náà dúró." Ẹ sì wò ó, Moríyìíkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ láìwojú ẹnikẹ́ni ni. Kò ṣetán láti dúró.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń tẹ "ìrú", ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìrú fi ń bọ̀ lọ́nà. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ó dán an wò, ó tẹ "òkúta". "Òkúta yín ń bọ̀ lọ́nà." Ó tẹ "ìyá ọkọ". "Ìyá ọkọ yín ń bọ̀ lọ́nà." Òótọ́ kan ṣoṣo tí sáfà yẹn sọ lọ́sẹ̀ náà nìyẹn.

Moríyìíkẹ́ gbá ọ̀já mọ́ ọmọ, ó di ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá Ràfíù.

"Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀ọ̀dá. Ìrú dà?"

"Ìyàwó wa, ó ń bọ̀..."

"Ẹ má sọ ọ́! Òkúta náà ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ẹ̀rọ yín ká wá a."

"Ṣé ìkòkò ọbẹ̀ lo pe kọ̀ǹpútà ni, tí o fẹ́ máa rò ó?"

"Ìkòkò ọbẹ̀ ló gbé mi wá. Ẹ ṣí i."

Ràfíù ṣí àpò ata, kò sí. Ó ṣí àpò ẹja, kò sí. Ó ṣí àpò epo, ó nà gọbọi, ó ní, "O rí i fúnra rẹ."

"Èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Àpò pátánì nìyẹn. Mo ti kìlọ̀ fún sáfà pé kò gbọdọ̀ fi han oníbàárà. Ṣé tẹ́lọ̀ máa ń gbé pátánì fún oníbàárà wọ̀ ni?"

"Ẹ ṣí i."

Ó ṣí i. Ìrú rèé! Ó jókòó jẹ́jẹ́ síbẹ̀. Moríyìíkẹ́ sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á wẹ́wẹ́: "Ì... yá... À..." Kó tó kà á dé ìdí, ìtìjú ti mú Ràfíù, ó ti fà á yọ fìrì kúrò nínú àpò pátánì, ó jù ú sáàárín ọjà orí ìkànnì, níbi tí oníbàárà ti ń rí nǹkan.

Áà! Pátánì kò sí mọ́. Sáfà kò rí ohun tí yóò fi gé ata, kò rí èyí tí yóò fi gé ẹja. Ojú ìwé "Ẹ kú sùúrù" pàápàá, pátánì kan náà ló bí i. Ohun tó hàn lórí gbogbo fóònù ìlú ni: "A kò rí ohun tí ẹ ń wá. A kò sì rí ìwé tí à bá fi sọ fún yín pé a kò rí i."

Wéré, Bàbá Gbádébọ̀ ti dé tòun ti ewé. "Ràfíù! Wọ́n ní kò sí ewúrẹ́!"

Ìyá Ṣàkìrátù gbé búrọ́ọ̀ṣì dání, ọ̀dà ń kán tó-tó. "Ti ewúrẹ́ lẹ̀ ń sọ! Ẹni tí mo kun yàrá dè ńkọ́?"

Aago kan ti lù. Ràfíù na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ. "Ẹ jẹ́ ká fi í di ọjọ́ Ajé."

Moríyìíkẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà tọmọtọmọ. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò ní jáde. Bí tíṣà bá kọ nǹkan sí pátákó, tí mo dà á kọ sínú ìwé mi, ṣé pátákó máa ń ṣófo ni?"

"Rárá o."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń gbé e kiri? Ẹ dá a padà sínú àpò pátánì. Lẹ́yìn náà, ẹ wá da òmíràn kọ sáàárín ọjà!"

Ràfíù dá a padà sínú àpò pátánì. Ó dà á kọ. Ata padà, ẹja padà, ìrú fara hàn. Lọ́tẹ̀ yìí, Moríyìíkẹ́ kà á dé òpin: Ìyá Àwáwù, ojúlé kẹta, òpópó Alágbẹ̀dẹ. Ó sáré.

Ó bá Ìyá Àwáwù láàárín agbọ̀n ìrú méjì, tó káwọ́ lérí.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní ìrú tó báyìí tẹ́ ẹ jókòó tì í?"

"Kí ni n bá ṣe, ọmọ mi? Ọjọ́ mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò yà mí. Èmi náà bá tẹ 'ìrú' kí n fi wo ara mi, wọ́n ní ìrú mi ń bọ̀ lọ́nà. Mo wá ń dúró dè é. Mo ní bóyá èyí tó wà níwájú mi yìí kì í ṣe tèmi ni."

Moríyìíkẹ́ ra ìrú, ó sáré relé, ó gbé ọbẹ̀ kaná. Aago méjì lù, ìyá ọkọ wọlé. Kò jókòó, ìdérí ìkòkò ló kọ́kọ́ ṣí. Òórùn ìrú gbà á nímú, ó fà sẹ́yìn.

"Moríyìíkẹ́, níbo lo ti rí i? Látìgbà tí mo ti wọ̀lú, ẹnu gbogbo wọn ni pé ó ń bọ̀ lọ́nà."

Moríyìíkẹ́ ròyìn gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Màmá ń jẹun, ó ń gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun. Nígbà tó fọwọ́ tán, ó ní, "Sáfà wá a, kò rí i. Ẹni tó gbé sáfà kalẹ̀ wá a, kò rí i. Ẹni tó ń tà á gan-an fẹ̀gbẹ́ tì í, kò rí i. Aago mélòó ni kíláàsì yín?"

"Aago mẹ́rin ni, mà."

"Gbọ́mọ fún mi, lọ múra. Ẹ̀rọ lè máa fi ọ̀nà tan èèyàn o, ṣùgbọ́n àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀."