Ọjọ́ Tí Àwòrán Búdà Wọ Pálọ̀ Dádì Padova

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé, bí mo tilẹ̀ ń gbàgbé ibi tí mo fi awò ojú mi sí ní gbogbo àárọ̀. Ọ̀sán Sátidé ni, ní Padova nílẹ̀ Italy, nílé àwọn tí mo fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn. Wọ́n ti pa fèrèsé dé, wọ́n ta aṣọ ibùsùn funfun sára ògiri, àwọn àgbà ìjọ jókòó, gbogbo wọn sì tẹjú mọ́ aṣọ náà. Èmi ni wọ́n ń wò lára rẹ̀. Mo nà gbalaja sílẹ̀ níwájú òrìṣà aláwọ̀ wúrà kan tó ga ju ilé wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe débẹ̀.

Kí owó Italy tó kúrò ní líra di yúrò ni. Mo ti kàwé ìtàn ní yunifásítì nílé, mo gba dìgírì, mo sì gbé e wá sí Torino nínú àpòòwé kan tí mi ò rí ẹni ṣí i fún. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán ìjókòó mọ́tò ní Nichelino ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, obìnrin kan tó ń gbé ní Milano gbà mí pé kí n wá máa tọ́jú bàbá òun tó dá gbé ní Torino. Bàbá yìí ti ṣe tíṣà rí, orúnkún ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Professore ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí Professore ṣe ṣílẹ̀kùn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Wọ́n rò pé mo dákú ni. Kí n tó dìde, wọ́n ti gbé fóònù, wọ́n ń pe ambulanza, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn. Ìgbà tí mo ṣàlàyé tán, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n wá bi mí pé kí ni mo kà níwèé. Mo ní ìtàn ni. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní dottore, bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó gba dìgírì ní Italy. Àwa méjì péré ló mọ̀ ní gbogbo Torino pé dottore ni mí.

Ohun kan ṣoṣo ni Professore fẹ́ rí kí ojú wọn tó di bàìbàì pátápátá: àwọn tẹ́ńpìlì àtijọ́ ilẹ̀ Tàílándì, pàápàá Ayutthaya, olú ìlú wọn àtijọ́ tí ogun Bọ́mà fi iná sun. Ọmọ wọn ò ráyè, ló bá ní èmi ni n ó sìn wọ́n lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, orí Ọ̀yọ́-Ilé ni mo kọ ìwé àṣekágbá mi lé, ìlú ńlá tí ogun tú tí igbó sì bò. Olùkọ́ wa gbé àwòrán Ayutthaya kan sára ògiri lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ẹ wò ó, àwọn wọ̀nyí náà ní Ọ̀yọ́-Ilé tiwọn." Iná lọ kí n tó wò ó tán. Láti ìgbà yẹn ni àwòrán náà ti wà lọ́kàn mi, ìdajì rẹ̀ péré.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé mo ti ní àfẹ́sọ́nà. Dúpẹ́ ló ń jẹ́, ó ń dirun ní Padova, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló sì ń gbé. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní Padova ló ń pe ọkùnrin náà ní Dádì. Alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ, ọwọ́ wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Dúpẹ́ sì wà. Wọ́n ti dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ fún wa. Mo wá wọkọ̀ ojú irin lọ sí Padova láti lọ gbàyè ìrìn àjò.

Dádì ní, "Tàílándì? Kí lo fẹ́ lọ ṣe nílẹ̀ olórìṣà?"

"Iṣẹ́ ni, sà. Báàgì bàbá yẹn ni n ó kàn máa gbé."

"Tí wọ́n bá wọ ilé òrìṣà ńkọ́?"

"N ó dúró síta, sà."

"O ò ní wọlé?"

"Mi ò ní fẹsẹ̀ kan ibẹ̀, sà."

"O ò ní kúnlẹ̀ fún nǹkan kan?"

"Èmi kẹ̀, sà! Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Dúpẹ́ sìn mí padà sí stazione ọkọ̀ ojú irin. A ò tíì rìn jìnnà tó fi ní, "O ti purọ́ fún Dádì. Mo rí ìwé Tàílándì nínú báàgì ẹ, o ti fi bírò fàlà sí gbogbo ojú ewé." Mo ní kó máa rọra sọ̀rọ̀.

Mo mú ìlérí mi ṣẹ, ẹ má bú mi. Mo mú un ṣẹ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní tẹ́ńpìlì àkọ́kọ́ tí a dé ní Bangkok, Professore wọlé, èmi dúró síta nínú oòrùn kan tó jọ pé wọ́n dìídì gbé e kalẹ̀ nítorí mi. Kò pẹ́, mo gbóhùn wọn láti inú: "Dottore! Orúnkún mi!" Wọ́n ti jókòó sílẹ̀ bí àwọn yòókù, wọn ò sì lè dìde. Ṣé kí n fi àgbàlagbà sílẹ̀ níbẹ̀ ni? Mo bọ́ bàtà, mo fẹ́ wọlé. Obìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dá mi dúró, ó nawọ́ sí ṣòkòtò péńpé tí mo wọ̀, ó mi orí. Ó fún mi ní aṣọ kan, olódòdó pupa rẹ́súrẹ́sú, pé kí n ró o. Mo ró o bí ìyá mi ṣe máa ń ró ìró, mo fi etí rẹ̀ há ìhà òsì. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń fara ti ògiri. Professore, tí kò lè dìde, rí agbára gbé kámẹ́rà.

Bí mo ṣe wọlé lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, mi ò tún rántí ìta mọ́.

Ayutthaya ló gbà mí lọ́kàn jù. Bíríkì pupa tó ti jẹ, òpó tí kò gbé nǹkan kan dúró mọ́, àti ère Búdà lọ́tùn-ún lósì, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, ọ̀pọ̀ wọn ni ogun àti olè ti gé lórí. Mo rántí àwọn orí Ifẹ̀ tí wọ́n kó wa lọ wò nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Nílé wa, orí ló kù tí a ò rí ara. Níbí, ara ló kù tí wọn ò rí orí. Mo sọ ọ́ fún Professore. Wọ́n gbá mi léjìká mú, a jọ dúró bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ ìtàn rí láti ìgbà tí mo ti dé Italy.

Orí kan wà níbẹ̀ tí gbòǹgbò igi ti yí ká, ojú Búdà náà ń yọ láàárín gbòǹgbò bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé. Professore ní kí n dúró tì í kí àwọn yà mí. Bí mo ṣe dúró, ẹ̀ṣọ́ kan fọn fèrè. Àṣé àṣà wọn ni pé orí ẹni tí wọ́n ń yà kò gbọdọ̀ ga ju ti ère yẹn lọ. Mo bẹ̀rẹ̀, ó tún fọn ún. Gíga tí Ọlọ́run fún mi kò wúlò lọ́jọ́ náà. Mo kúnlẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà dákẹ́. Professore ní, "Bellissimo!", pé ó rẹwà gan-an. Iná kámẹ́rà tàn.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí tẹ́ńpìlì kan tí àwọn èèyàn ṣì ń jọ́sìn níbẹ̀. Àlùfáà wọn kan jókòó lápá kan, ó ti gbó kùjọ́kùjọ́, etí rẹ̀ ti fẹ̀ sílẹ̀, ó fi aṣọ aláwọ̀ ọsàn bora. Ẹni tó mú wa lọ sọ pé bàbá náà ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Bàbá gbójú sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Ojú bàbá bàbá mi ni mo rí. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ wa kì í ronú kó tó dọ̀bálẹ̀? Àyà mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé Dádì wà ní Padova. Ère ńlá kan ló wà lẹ́yìn bàbá náà. Mo sì gbọ́ kámẹ́rà lẹ́yìn mi, kẹ́ẹ́rẹ́.

A padà dé. Nítorí pé mi ò ní àgbà kankan ní Italy, Dúpẹ́ ní kí n mú Professore dání lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kí wọ́n dúró bíi bàbá mi. Wọ́n gbà tayọ̀tayọ̀. Wọ́n gbé àpótí kan tó wúwo dání nínú ọkọ̀. Mo bi wọ́n nígbà tí a kọjá Verona pé kí ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Sorpresa," pé ohun ìyàlẹ́nu ni. Mo rò pé wáìnì ni, mo wá ń gbàdúrà bí n ó ṣe ṣàlàyé wáìnì fún àwọn alàgbà.

Nígbà tí a dé, ìka ọwọ́ ni mo fi kanlẹ̀ kí Dádì. Mo ní ìdí kan: ṣòkòtò kóòtù tuntun tí mo wọ̀ fún mi pinpin. Dádì wo ìka ọwọ́ mi. A gbàdúrà, a jẹun. Ni Professore bá ṣí àpótí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé àwòrán sára ògiri ló wà nínú rẹ̀.

Wọ́n ní kí Dúpẹ́ bá àwọn túmọ̀: "Ẹ ti rí aṣọ rẹ̀. Ẹ wá wo irú ọkùnrin tó jẹ́."

Mo ní, "Professore, kò pọndandan." Wọn ò gbọ́.

Odò ló kọ́kọ́ jáde, àti ọkọ̀ ojú omi. Ìyàwó Dádì, tí a ń pè ní Mọ́mì, ní, "Ẹ wo bó ṣe rẹwà!" Mo mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èmi jáde pẹ̀lú ìró olódòdó. Mọ́mì pariwo ẹ̀rín: "Ọkọ Dúpẹ́, ìró ta lo jí ró?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èyí tó tẹ̀ lé e ni èmi lórí ìkúnlẹ̀ níwájú orí Búdà. Ẹ̀rín dá. Alàgbà kejì, ọkùnrin tín-ínrín kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dádì, wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni ti ìdọ̀bálẹ̀ jáde.

Dádì ní, "Ẹ tan iná." Ohùn wọn rọlẹ̀, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. "Ìta lo sọ fún mi pé wàá dúró."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta lò ń dọ̀bálẹ̀ fún yẹn?"

"Bàbá arúgbó kan ni, sà. Wọ́n jókòó níbẹ̀."

"Níbo? Òrìṣà nìkan lèmi rí."

"Òpó kan ló bò wọ́n, sà, kámẹ́rà ò mú wọn."

Alàgbà kejì ní, "Kámẹ́rà ò mú wọn! Ó mú òrìṣà, ó mú bàtà lẹ́nu ọ̀nà, bàbá arúgbó nìkan ni kò mú!"

Dádì yíjú sí Dúpẹ́. "Lọ gbé jákẹ́ẹ̀tì àlejò wá fún wọn." Dúpẹ́ kò kúrò lójú kan. Omi ti wà lójú rẹ̀. Mo mọ̀ pé tí jákẹ́ẹ̀tì yẹn bá kanwọ́ mi, ó parí.

Professore ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Che succede?" Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Dúpẹ́ ṣàlàyé fún wọn lédè Italy. Ni bàbá yìí bá bú sẹ́rìn-ín, tó rín in títí ikọ́ fi gbé wọn. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ambulanza fún àwọn àgbà, bí wọ́n ṣe rò pé mo dákú lẹ́nu ọ̀nà wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí ò lè rí arúgbó kó dúró! Ẹ pa iná." Wọ́n tẹ ẹ̀rọ. Àwòrán mìíràn jáde: bàbá àlùfáà yẹn, wọ́n tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó wọn, wọ́n la ẹnu tí kò léyín, wọ́n ń fọwọ́ sọ fún mi pé kí n dìde.

Dádì wò ó pẹ́. "Ọdún mélòó ni bàbá yìí?"

"Ó lé ní àádọ́rùn-ún, sà."

"Àádọ́rùn-ún." Wọ́n mi orí. "Ó yẹ ká kí wọn." Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ìka méjì sókè. "Ẹ̀sùn méjì ló kù. Ká ní o sọ fún mi pé o fẹ́ wọlé wo nǹkan ìtàn, n bá bá ẹ jiyàn, n bá sì jẹ́ kó o lọ. Irọ́ lo pa fún mi nínú ilé mi. Ìyẹn ọ̀kan. Ìkejì, ẹni tó ò mọ̀ rí nílẹ̀ olórìṣà, o nà gbalaja fún wọn. Èmi tí mo fẹ́ fún ẹ lọ́mọ, ìka lo fi kanlẹ̀ kí mi!"

Mọ́mì ní, "Mo rí i! Mo ní kí n má sọ ni."

Mi ò dúró. Mo dọ̀bálẹ̀ pátápátá lórí táìlì tútù yẹn, mo ní, "Ẹ dárí jì mí, sà. Mo purọ́ fún yín." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ìdí ṣòkòtò mi ya, fà-á-à, láti ìbàdí dé itan. Mọ́mì ló sọ ìró kan lù mí lórí ilẹ̀: "Gbà, ró eléyìí. O kúkú mọ̀ ọ́n ró!" Dádì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Alàgbà kejì fi aṣọ ibùsùn nu ojú. Kámẹ́rà Professore sì tàn.

Àwòrán yẹn ló wà ní pálọ̀ wa títí dòní. Ọmọ ọmọ mi obìnrin máa ń bi mí pé, "Nonno, perché sei per terra?", pé bàbá àgbà, kí ló dé tí mo wà nílẹ̀. Dúpẹ́, ìyá rẹ̀ àgbà, ló máa ń dá a lóhùn ṣáájú mi: "Irọ́ ló pa." Òótọ́ sì ni. Nínú gbogbo ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ tí mo ṣe lọ́dún yẹn, kò sí èyí tó dójú tì mí. Gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo sọ pé "n ó dúró síta" ló dójú tì mí, títí di báyìí.

Dádì ti lọ. Professore náà ti lọ. Mo lọ síbi tí wọ́n sin Professore sí ní Torino láìpẹ́ yìí, mo fẹ́ kí wọn bí mo ṣe kí wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Orúnkún mi kọ̀ jálẹ̀. Mo di òkúta ibojì mú, mo gbìyànjú, ó kọ̀. Níkẹyìn mo fi ìka kanlẹ̀. Àfi bíi pé mo gbóhùn Dádì lẹ́yìn mi: "Ìka?" Mo bú sẹ́rìn-ín láàárín ibojì. Obìnrin kan tó ń to òdòdó lápá kejì wò mí, ó fọwọ́ kan fóònù rẹ̀. Mo yára jùwọ́ sí i pé ara mi le, kó má pe ambulanza.